Ẹ Má Ṣèlérí Erin fún Àlejò: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Amọ̀nà Igbó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra láti di amọ̀nà ní igbó ọba, inú mi dùn pé iṣẹ́ yìí wù yín. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ọdẹ àti agégẹdú ló ń fi igbó jẹun. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wá, wọ́n ń sanwó láti wo ẹran tí wọn kò ní pa, tí wọn kò ní jẹ. Iṣẹ́ yìí lè gba igbó là. Ó sì lè bà á jẹ́ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni n óò máa tọ́ka sí jù, nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù.

1. Ẹ má ṣèlérí erin fún àlejò.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n erin inú Omo kì í ṣe erin ọ̀dàn. Erin igbó ni. Ó kéré sí ti ọ̀dàn, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ tọ́, ó sì kọjú sílẹ̀. Ó lè dúró ní ìṣísẹ̀ ogún sí yín nínú ìtàkùn kí ẹ má rí ju ewé tó ń mì lọ. Fìrí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò yóò rí, bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i rárá.

Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ka erin igbó sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi í sí ìpele tó ṣáájú kí ẹranko pa rẹ́ kúrò nínú igbó. Abo rẹ̀ máa ń lé ní ogún ọdún kí ó tó bí àkọ́bí, ó máa ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù 22, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì máa ń wà láàárín ọmọ kan sí èkejì. Ẹranko tí ń bí díẹ̀díẹ̀ báyìí, tí a sì ti pa lọ́pọ̀ yanturu, a kò lè máa rí i bí ẹní rí ewúrẹ́ lójú títì.

Amọ̀nà tó bá ti gbowó lórí ìlérí, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Yóò máa lé ẹran kiri, yóò gba ọ̀nà tí kò yẹ, ilẹ̀ yóò sì ṣú mọ́ òun àti àlejò rẹ̀ nínú igbó. Kí wọ́n tó sanwó ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé: “Ẹ ó rí ibi tí erin ń gbé. Ẹ ó rí ohun tó ṣe lánàá. Bí a bá pàdé rẹ̀, a ó dúpẹ́.” Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ẹ bá a wá ọ̀nà ọgbà ẹranko, kò sí ìjà níbẹ̀.

2. Ẹ kọ́ àlejò bí a ṣe ń mọ ipasẹ̀.

Ibí yìí ni owó yín wà. Ipasẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú erin rí rìbìtì, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀. Bí etí ipasẹ̀ náà bá ṣì dúró gbọn-in, tí omi inú rẹ̀ ṣì rú, kò tíì pẹ́ tó kọjá. Bí omi bá ti tòrò, tí ewé ti já sínú rẹ̀, ó ti jìnnà. Ẹ fún àlejò ní okùn, kí ó fi yí ipasẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ká. Ìlọ́po méjì okùn yẹn ló máa ń súnmọ́ gíga erin náà láti ilẹ̀ dé èjìká. Kí àlejò fúnra rẹ̀ na okùn náà sókè lára igi. Ẹni tó ti ń ráhùn láti àárọ̀ pé òun kò tíì rí nǹkan kan yóò gbé ojú sókè, ìbéèrè ni yóò sì kù lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ara igi pẹ̀lú. Ibi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá dé lára rẹ̀, ibẹ̀ ni erin ti fi ara họ lẹ́yìn tó yí nínú àbàtà.

Imí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tijú láti bẹ̀rẹ̀ tì í. Ẹ fi igi tú u. Ẹ ó bá èèpo igi àti fọ́nrán ewé níbẹ̀, nígbà èso ẹ ó sì bá kóró òro, èyí tí àwọn ìyá wa ń là láti fi se ọbẹ̀ àpọ̀n. Erin gbé èso náà mì lódindi, ó gbé e rin ọ̀nà jíjìn, ó sì yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Àwọn igi kan wà tí kóró wọn tóbi débi pé ẹnu ẹranko míràn kò gbà á. Bí erin bá tán, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn gbin ọmọ wọn jìnnà sí ìdí ìyá. Ẹ fi yínmíyínmí tó ti ń kó tirẹ̀ han àlejò. Bí inú imí náà bá ṣì gbóná, ẹ dákẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí.

3. Ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Ojú erin kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò láfiwé. Ẹ di eérú sínú àkísà fẹ́lẹ́, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ibi tí eérú bá fẹ́ sí ni òórùn yín ń lọ. Bí ó bá ń lọ síbi tí ẹ ti gbọ́ igi tó ń ya, ẹ padà, ẹ gba ọ̀nà míràn tàbí kí ẹ fi ti òní sílẹ̀. Amọ̀nà kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn, àlejò láàárín, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí erin bá na etí rẹ̀ síwájú, tó dúró tó kọjú sí yín, ẹ máa fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kí igi ńlá wà láàárín ẹ̀yin àti òun. Kò sí fọ́tò tó yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ kú, kò sì sí èyí tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ yìnbọn fún erin tí a dẹ́rù bà.

4. Ẹ jẹ́ kí etí ṣáájú ojú.

Àárọ̀ kùtù ni igbó ń dún jù. Bí oòrùn bá dé àtàrí, ẹran ń sinmi. Kí àlejò náà sinmi. Ẹ mọ igbe ọ̀bọ nígbà tó bá ń jẹun, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ní igbó Taï ní Côte d’Ivoire, àwọn onímọ̀ rí i pé igbe tí ọ̀bọ Diana ń ké nítorí idì yàtọ̀ sí èyí tó ń ké nítorí ẹkùn. Wọ́n tún rí i pé ẹyẹ ńlá kan níbẹ̀, ìbátan àtíòro, mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì: igbe ti idì ló ń kà sí, torí idì lè pa òun náà, kò sì kọbi ara sí ti ẹkùn. Bí ẹyẹ bá lè gbọ́ èdè ọ̀bọ, ẹ̀yin náà lè gbọ́ ọ.

Lóru, òfàfà yóò bẹ̀rẹ̀ igbe lórí igi, igbe tó lè mú àlejò fò sókè lórí ẹní. Ẹ ti sọ fún un kí ó tó sùn pé ẹran tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ má fi fóònù tan ẹyẹ, ẹ má fi oúnjẹ pe ọ̀bọ.

Bí ẹ bá gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti inú fóònù, akọ yóò rò pé akọ míràn ti wá gba ilẹ̀ òun. Yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, yóò wá jà. Lẹ́ẹ̀kan, ó lè má pa á lára. Bí gbogbo amọ̀nà bá ń ṣe é láràárọ̀ ńkọ́? Ní igbó ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tòun ti pupa. Onímọ̀ ẹyẹ J. H. Elgood ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958. Kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí lọ. Ẹyẹ tó jẹ́ tiwa nìkan, kò yẹ ká máa fi fóònù yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ ṣọ́ra lẹ́bàá ìtẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí àtíòro bá fẹ́ yé, abo rẹ̀ ń wọ inú ihò igi, a sì dí ẹnu ihò náà títí yóò fi ku ojú kékeré tí akọ ń gbà fún un lóúnjẹ. Òun àti àwọn ọmọ kò ní oúnjẹ míràn. Bí ẹ bá to àlejò sídìí igi yẹn fún wákàtí kan, akọ yóò bà sórí igi òdìkejì pẹ̀lú èso lẹ́nu, kò ní wá.

Ọ̀bọ tó bá sì ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú báàgì yóò máa já báàgì gbà, yóò bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ, lọ́jọ́ kan wọn yóò yìnbọn fún un.

6. Ẹ dá àlejò tó ń wúkọ́ padà.

Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kí ó bínú. Ìnàkí díẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún wa ní agbègbè Omo, Olúwa àti Ìdànrè, àrùn èémí tó ń ṣe wá sì ń ràn wọ́n. Ní Taï tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àrùn tí ènìyàn kó wọ igbó ti pa ìnàkí. Ní Bwindi ní Uganda, níbi tí wọ́n ti ń mú àlejò lọ wo gọ̀rílà orí òkè, àlejò mẹ́jọ péré ló ń bẹ agbo ilé gọ̀rílà kan wò lóòjọ́, wákàtí kan ni wọ́n ń lò, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kì í lọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kì í lọ. Owó kékeré kọ́ ni àwọn àlejò yẹn ń san, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ràn.

7. Aṣọ.

Ṣòkòtò gígùn tí a ki bọ inú ìbọ̀sẹ̀, bàtà tó bo kókósẹ̀, aṣọ tí kò tàn yanran, kò sí lọ́fínńdà. Bí ìjàlọ bá dí ọ̀nà, ẹ fo ó tàbí kí ẹ yí i ká. Ẹ má dúró láti yà á ní fọ́tò.

8. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa lókéṣọ̀n fóònù kí wọ́n tó wọ igbó.

Fọ́tò tó gbé ibi tí a ti yà á dání lè dé ọwọ́ ẹni tó ní ìbọn. Odídẹrẹ́ àti akika ni kí ẹ kíyè sí jù. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, pé kí òwò wọn láti inú igbó sí òkè òkun dópin, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà wọ́n níkọ̀kọ̀ kò tíì jáwọ́. Ẹ má dárúkọ igi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí fún ẹnikẹ́ni.

9. Ẹ bá àgbẹ̀ àti ọdẹ rẹ́.

Ìjọba sọ Omo di igbó ọba ní 1925. Ó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú-lóròó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún àlejò pé igbó dúdú ni gbogbo rẹ̀. Láti ìletò J4, ẹ ó rìn nínú oko igi mẹ̀línà tí wọ́n gbìn fún iṣẹ́ bébà, ẹ ó rìn nínú oko kòkó, kí ẹ tó dé ibi tí igi àtijọ́ wà. Apá tí UNESCO fọwọ́ sí ní 1977 gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ ẹ̀dá, 460 hẹ́kítà péré ni.

Nínú àwọn oko wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ. Erin máa ń wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, iṣẹ́ ọdún kan ti wó lulẹ̀. Ẹ̀yin ń gbowó nítorí erin. Àgbẹ̀ ń pàdánù nítorí rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí amọ̀nà tó kó àlejò kọjá níwájú irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì kí i. Ẹ yà, ẹ kí wọn, ẹ wúre fún iṣẹ́ wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àlejò máa jẹ, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn. Obìnrin abúlé ni kí ó se oúnjẹ, kí ẹ san owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àlejò bá bèèrè ìdí tí àwọn kan ṣe ń dáko nínú igbó ọba, ẹ má bú wọn lójú àlejò; ẹ ṣàlàyé.

Ti ọdẹ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ Omo pẹ̀lú àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ti ṣọdẹ rí. Ohun tí ẹ kọ́ nínú ìwé kò tó ìdajì ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ tẹ̀lé wọn, ẹ gbé báàgì wọn, ẹ bi wọ́n léèrè.

10. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀.

Kí ó wà nínú ọ̀rá nítorí òjò. Ẹ kọ ọjọ́, àsìkò, ọ̀nà tí ẹ gbà, ipasẹ̀ tí ẹ rí, imí, ìtẹ́, igbe tí ẹ gbọ́, ìró ẹ̀rọ agégi bí ó bá wà, kí ẹ sì fi han àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí erin bá ti ń gba odò kan kọjá ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìwé yín wá fi hàn pé kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò mọ̀ pé oko tuntun tàbí agégi ti dí ọ̀nà náà, wọn yóò sì mọ ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ lọ wò.