Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Orin Náà Ńkọ́?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ti rántí Komitas, ọmọ Arméníà tó fi orin kíkójọ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Kütahya nílẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1869. Soghomon Soghomonian lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìyá kú, bàbá náà kú. Lọ́dún 1881, wọ́n mú ọmọ òrukàn yìí lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Etchmiadzin, nílẹ̀ Arméníà. Olórí ìjọ bá a sọ èdè Arméníà, kò gbọ́. Tọ́kì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó ní òun lè kọrin ṣá. Ló bá gbẹ́nu lé orin ìsìn Arméníà, láìmọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ. Ìwọ òbí tí ọmọ rẹ kò gbọ́ èdè ilé, orin ni kó o kọ́kọ́ fún un.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Berlin láti 1896 sí 1899, ó sì padà wá ṣe olùkọ́. Ṣùgbọ́n abúlé, níbi tó ti ń kó orin jọ, ló wù mí kí a dúró sí. Komitas mọ̀ pé orin àgbẹ̀ ní àkókò àti ibi tirẹ̀. Orin ìtúlẹ̀ àwọn ará Lori ní Arméníà tó kọ̀wé lé lórí, ìdí màlúù tó ń túlẹ̀ ló ń gbé. Igbe tí wọ́n fi ń darí ẹran gan-an wà nínú orin náà. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gba orin lẹ́nu ìyá àgbà, má kàn na fóònù sí wọn lẹ́nu pé kí wọ́n kọ ọ́. Bá wọn bó ẹ̀gúsí. Ó lè pẹ́ díẹ̀, àmọ́ orin á yọ fúnra rẹ̀.

Ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Lẹ́yìn tó kó lọ sí Constantinople ní 1910, ó dá ẹgbẹ́ akọrin Gusan sílẹ̀, nǹkan bí 300 èèyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1915, ìjọba Ottoman tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Tọ́kì nígbà náà mú un lọ pẹ̀lú àwọn gbajúmọ̀ Arméníà mìíràn. Wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti dàrú. Ilé ìwòsàn ló wà títí ó fi kú nítòsí Paris ní 1935.

Má ṣe fi ohun tí o gbà sílẹ̀ sórí fóònù kan ṣoṣo. Fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ náà. Orin tí Komitas kó jọ lé ní 3,000. Àwọn ìwé rẹ̀ fọ́n ká. Nǹkan bí 1,200 ló kù.