Bí A Ṣe Ń Fi Ìwọ̀n Dá Àwọn Eṣinṣin Inú Ewé Ẹ̀wà Mọ̀

Ẹni tó bá gbin ẹ̀wà tàbí písì sí ọgbà ní Bergamo, Padua tàbí Turin lórílẹ̀-èdè Ítálì á ti rí ilà funfun tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ lára ewé. Ìdin eṣinṣin ló ń jẹ inú ewé náà láàárín awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn eṣinṣin ọ̀hún kéré gan-an, wọ́n sì jọra púpọ̀. Síbẹ̀ ó yẹ ká mọ èyí tó jẹ́. Irú méjì nínú wọn, Liriomyza huidobrensis àti L. trifolii, tí àwọn méjèèjì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé Yúróòpù, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mọ́. Ẹni tó bá ń fọ́n oògùn láìmọ ohun tó ń bá jà á kàn pa àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń bá wa pa ìdin náà ni.

Ẹ má mú eṣinṣin tó ń fò, torí ẹ ò lè mọ ewé tó ti jáde. Ẹ já ewé tí ìdin ṣì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹ kó o sínú ike tí ẹ tẹ́ bébà sí, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ sì kọ ọjọ́, ibi àti irúgbìn sí i lára. Ìdin Liriomyza sábà máa ń jáde kúrò nínú ewé kó tó di kóro, ìyẹn ipò tó wà kó tó di eṣinṣin. Bí kóro bá dúró sínú ewé písì, ẹ fura sí Phytomyza horticola. Níbi tó bá móoru dáadáa, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 ni eṣinṣin máa ń jáde láti inú kóro. Ẹ jẹ́ kó lo odindi ọjọ́ kan láàyè kí ìyẹ́ rẹ̀ lè le, kí àwọ̀ rẹ̀ sì hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú fírísà.

Ẹ yọ ìyẹ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹ̀lú ẹ̀kán gílísáríìnì, kí ẹ gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù tó ní rúlà nínú awò rẹ̀. Ilà rúlà yẹn kì í ṣe mìlímítà o! Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà orí gíláàsì, èyí tí wọ́n pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 100, ṣírò iye tí ilà kan jẹ́. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá pààrọ̀ awò, ẹ tún un ṣírò. Ibí yìí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ wọn ìyẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ti trifolii jẹ́ mìlímítà 1.25 sí 1.9, ti huidobrensis, 1.7 sí 2.25. Ẹ ò rí i pé wọ́n wọnú ara wọn? Ìdin tí kò jẹun yó á di eṣinṣin kékeré, akọ sì kéré sí abo. Nítorí náà ẹ wọn púpọ̀, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, kí ẹ má sì fi gígùn nìkan dájọ́.

Ìfiwéra apá iṣan ìyẹ́ ló ṣeé gbọ́kàn lé ju gígùn rẹ̀ lọ. Iṣan kan wà tó ń lọ sí etí ẹ̀yìn ìyẹ́, tí iṣan wẹ́wẹ́ méjì dá ní ìbú. Ẹ wọn apá tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ wá wọn èyí tó kù títí dé etí. Bí ti àárín bá jẹ́ 0.30, tí ti ìparí jẹ́ 0.70, ìlọ́po 2.3 nìyẹn. Ti huidobrensis máa ń jẹ́ ìlọ́po 2 sí 2.5, ti trifolii 3 sí 4. Phytomyza horticola kò tiẹ̀ ní iṣan ìbú kejì rárá.

L. bryoniae, ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù, náà máa ń jẹ́ bí ìlọ́po 2. Kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí huidobrensis, ẹ wo irun gígùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú lókè orí: orí àwọ̀ dúdú ni ti huidobrensis ti hù, orí àwọ̀ ìyeyè ni ti bryoniae àti trifolii.

Nǹkan ọmọkùnrin akọ eṣinṣin tàbí àyẹ̀wò DNA ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹ tọ́jú akọ sínú ẹ́tánọ́lì, kí ẹ gbé e lọ sí Servizio Fitosanitario (ọ́fíìsì tó ń rí sí ìlera irúgbìn) ti Lombardia, Piemonte tàbí Veneto kí ẹ tó ra oògùn kankan.