Bí Kóòtà Ìjọba Ṣe Ń Dé Inú Àpò Ṣúgà Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe búrẹ́dì, chin-chin tàbí sóbò tà ní Ìgbẹ̀ìn, ẹ mọ̀ pé bí ṣúgà bá gbówó lórí lọ́jà Kútọ̀, èrè yín ló kọ́kọ́ ń dín kù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bá alátùntà jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju alátùntà lọ.

Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, lábẹ́ àjọ National Sugar Development Council. Iléeṣẹ́ tó bá ń dá oko ìrèké ló ń rí ìpín gbà láti kó ṣúgà pupa tí wọn kò tíì fọ̀ wọlé pẹ̀lú owó ibodè pọ́ọ́kú. Ìpín yìí ni wọ́n ń pè ní kóòtà. Dangote ní oko ní Numan, BUA ní Láfíàgí, Golden Sugar ní Sunti.

Ilẹ̀ Yúróòpù náà lo kóòtà láti 1968 títí di oṣù kẹsàn-án 2017, fún àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin beet, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń rí ṣúgà lára rẹ̀. Tiwọn, èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ni wọ́n ń pín. Tiwa, èyí tí à ń kó wọlé ni.

Nígbà tí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ parí, ìjọba sún ètò náà dé 2033, nítorí ìrèké ilé kò tíì pèsè ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣúgà tí à ń lò. Ìdí nìyí tí dọ́là fi ń gbé owó ṣúgà sókè, sódò.

Kí lẹ lè ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ ṣírò. Bí àpò oníkílò 50 bá fi ₦5,000 lé, kílò kan fi ₦100 lé. Bí ẹ bá fi kílò mẹ́rin ṣe búrẹ́dì 100, ₦4 péré ló kan búrẹ́dì kan. Ẹni tó bá torí èyí fi ₦100 lé búrẹ́dì ń lé oníbàárà lọ ni.

Èkejì, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà da owó pọ̀, kí wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ aṣojú iléeṣẹ́ dípò kí kálukú máa ra àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè yí kóòtà padà, ṣùgbọ́n ẹ lè dín iye ọwọ́ tí ṣúgà ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín kù.