Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Ẹ̀kọ́ Àfikún Mélòó Ló Tó Ọmọ Ọdún Mẹ́rin?

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

    

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. O ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi Fìyìn ọmọ yín ti to ẹ̀kọ́ àfikún ti táàmù tuntun sílẹ̀, pé kí òbí mú èyí tó bá wù ú: taekwondo lọ́jọ́ Ajé, dùùrù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, coding ní Ọjọ́rú, èdè Faransé ní Ọjọ́bọ̀. O tún ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ballet àti ìlúwẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Ìwọ fẹ́ kí ó ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bàbá Fìyìn ní méjì ti tó, ẹ wá ní kí àgbà dá a.

N kò ní jẹ́ kí ẹ wá ìdájọ́ mi dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Kí ọmọ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Sátidé, kí ó mú ẹyọ kan péré mọ́ ọn, kí ìyókù dúró dè é. Ó lè jọ ọ́ lójú pé ó kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́léósinmi, n kì í bá òbí ka iye ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́. Wákàtí tó ṣẹ́kù fún ọmọ náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n kà fún mi.

Jẹ́ kí àwa náà jọ ṣírò rẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní ọmọ ọdún 3 sí 4 gbọ́dọ̀ sun oorun wákàtí 10 sí 13, tọ̀sán tòru. Kí ó máa sáré, kí ó máa fò, kí ó máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí yóò mú un mí gúlegúle. Kí ó má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Wọ́n tún ní kí á má dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ará Èkó ni ẹ mọ bí wákàtí kan ṣe ń rí nínú ọkọ̀.

Wàyí o, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí lẹ ń jí Fìyìn nítorí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Bí ó bá máa sun wákàtí 11, tí a sì ka wákàtí kan tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án nílé-ìwé mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ibùsùn ní aago méje ààbọ̀ alẹ́. Lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́ àfikún, aago mẹ́ta ló ń délé. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló wà láàárín. Oúnjẹ, ìwẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá àti àdúrà yóò gba nǹkan bíi méjì níbẹ̀. Méjì ààbọ̀ tó kù, tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni yóò ti sáré, ibẹ̀ ni yóò ti bá ọmọlangidi rẹ̀ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá wà ńkọ́? Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọn yóò tú u sílẹ̀. Kí ọkọ̀ tó yọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà sí Ìyánà-Ìpájà, ó ti di aago márùn-ún ààbọ̀, bí Ọlọ́run bá bá yín ṣe é. Wákàtí méjì ló kù kí ó sùn, oúnjẹ àti ìwẹ̀ àti iṣẹ́ àṣetiléwá sì ti jẹ ẹ́ tán. Ó ku òdo. Bí ẹ bá wá fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin sínú ọ̀sẹ̀, Ẹtì nìkan ni ọmọ yín yóò máa ṣeré, nígbà tí Sátidé náà ti lọ sí ballet àti omi. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹyọ kan.

Mo mọ òwe tí o máa fi dá mi lóhùn: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wo bí àwọn tó ni òwe náà ṣe ń kọ́ ọmọ tiwọn. Nílé àwọn Àyàn, wọn kì í mú ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó síwájú olùkọ́ kí wọ́n wá máa wo aago. Ọmọ náà ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóde, ó ń gbọ́, ó ń fi igi lu agolo lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa tó ẹni tó ń gbé ìlù kọ́ èjìká, ìlù ti wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí wọ́n ń tètè kọ́ ọ ni ìkíni, sùúrù, àìpurọ́ àti kí ó má máa wo àwo oúnjẹ àlejò. Ìyẹn kì í gba owó táàmù.

Àwọn tó mọ̀wé náà kò sọ ohun tó yàtọ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ìwé jẹ́léósinmi yìí ní 1837, eré ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀: búlọ́ọ̀kù onígi, orin, àti ọgbà tí ọmọ ń gbin nǹkan sí. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa náà sọ pé eré ni kí á fi kọ́ wọn ní nọ́ńbà, lẹ́tà, àwọ̀ àti bí nǹkan ṣe rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní abala 12 sì ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ má ṣe é bí ẹni ń ta á lọ́rẹ.

Jẹ́ kí n wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo yọ sọ́tọ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Omi ló yí Èkó ká, adágún ìwẹ̀ sì ti wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ń gbé ọmọ lọ fún ọjọ́ ìbí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbà pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti tó kọ́ ọ bí wọ́n bá pé ọdún 4. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, kí ẹ sì fojú yín rí ẹni tó ń ṣọ́ etí omi. Bí ó bá sì wá mọ̀ ọ́n tán, ẹ má torí ìyẹn fi í sílẹ̀ lẹ́bàá omi láìsí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Coding lè dúró. Ọmọ tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì kò pẹ́ jù fún kọ̀ǹpútà, wákàtí kan ṣoṣo tí wọ́n fún un níwájú ẹ̀rọ lóòjọ́ ni ẹ̀kọ́ náà yóò sì gbà.

Ní ti Faransé, n kò ní fi dùn ọ́ nínú: bí mo bá pe Fìyìn lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Yorùbá tó wà nínú ilé lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì dé ẹnu rẹ̀, ẹ fẹ́ sanwó ti ará Paris. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fún un ní Yorùbá ná. Faransé kò ní sá lọ.

Ó ku taekwondo, dùùrù àti ballet. Nínú mẹ́ta yìí, Fìyìn ni kí ó yan ọ̀kan. Ẹ mú un lọ wò wọ́n kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wá máa ṣọ́ èyí tí yóò máa sín jẹ nínú yàrá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Táàmù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Bí ó bá ní òun ò lọ mọ́ lọ́sẹ̀ kejì, ẹ rọ̀ ọ́ kí ó parí táàmù náà, nítorí ọmọdé a máa ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ kì í dùn. Bí táàmù bá parí tí kò sì wù ú síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ti ìdíje àti mẹ́dàlì báyìí. Àwọn dókítà ọmọdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ó di nǹkan bí ọdún 6 kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè bá eré ẹlẹ́gbẹ́ mú. Olùkọ́ tó bá sì ń fi pàṣán dúró ti ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ara ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yóò máa sùn pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé yóò tún bẹ̀rẹ̀. Inú yóò máa run ún, ṣùgbọ́n kìkì ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá wà ni. Olùkọ́ kíláàsì yóò ní kò fọkàn sí nǹkan mọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn, kí ẹ sì dín ẹrù náà kù láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí o kò kọ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Aago méje ni o ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ ọ̀dọ̀ yín ti lọ, ẹ kò sì tíì rí òmíràn. Ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń bá ọ mú ọmọ dání títí tí ìwọ tàbí Bàbá Fìyìn yóò fi dé. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àìrójú ìlú ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ olùtọ́jú lo ń wá, olùtọ́jú ni kí o wá. Béèrè bóyá ilé-ìwé náà ń gba ọmọ dúró ní ìrọ̀lẹ́ láti ṣeré, kí ó jẹun, kí ó nà sílẹ̀ díẹ̀, kí ó sì parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ níbẹ̀. Tàbí kí ìwọ àti ìyá ọmọ kan ládùúgbò jọ gba ìyá àgbà kan tó ṣeé fọkàn tán. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí Fìyìn máa san gbèsè àìrójú yín pẹ̀lú ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

Mo tún mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá lórí WhatsApp kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Ọmọ lágbájá ti ń ta dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tàmẹ̀dò ti gba ìgbànú yẹ́lò. Bá wọn yọ̀, kí o pa fóònù dé. Ìka ò dọ́gba, ọmọ náà kò sì dọ́gba. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méje máa ń bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rin lójú ọ̀nà, nítorí pé òun ti tó ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Wákàtí méjì ààbọ̀ tí mo ní ó jẹ́ ti Fìyìn yẹn, ẹ má fi fóònù dí i. Fún un ní ẹ̀wà kí ó bá ọ ṣà. Ìka tó ń ṣa ẹ̀wà ni yóò di bírò mú dáadáa lọ́la. Kí òun àti ọmọ ojúlé kejì ṣe bojúbojú, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya sùwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lálẹ́, kí bàbá rẹ̀ pa àlọ́ ìjàpá kan fún un, kódà bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà ló mọ̀. Bí ó bá sì wá bá ọ pé òun kò rí nǹkan ṣe, má sáré wá nǹkan fún un. Yóò rí i fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mú ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ mú ẹyọ kan sí i, ẹ fi owó mẹ́rin tó kù sí báǹkì ní orúkọ ọmọ náà. Bí ó bá pé ọdún mẹ́fà, ẹ tún bi mí, n ó sì tún un ṣírò pẹ̀lú yín. Bí họlidé bá dé, ẹ mú un wá bá mi ní Ìbàdàn. N kò ní kọ́ ọ ní ohunkóhun.

 

Èmi ni ìyá yín,
Màmá Mọ́kọ́lá