Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ó Ń Dáàbò Bo Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Ọ̀pẹ ló yí ilé wa ká. Kílógíráàmù epo pupa kan lè ní kárótíìnì tó tó míligíráàmù 500 sí 700, ó sì tún ní oríṣi fítámì E tí wọ́n ń pè ní tocotrienol. Abájọ tó fi ń wu ọ̀dọ́ onímọ̀ láti yọ àwọn èròjà wọ̀nyí, kó sọ wọ́n di ẹ̀rún náánò tí ojú lásán kò lè rí, kó sì kéde pé òun ti rí ohun tí yóò gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìtànṣán. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n “ó ń dáàbò bò” kò tíì pé ní gbólóhùn. Sẹ́ẹ̀lì wo ni? Nígbà wo? Èwo sì ni kò gbọdọ̀ rí ààbò náà gbà?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ara omi. Omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ni ìtànṣán sì sábà máa ń bá pàdé. Ìtànṣán a fọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn àfọ́kù náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hydroxyl, a sì máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀, títí kan DNA. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín díẹ̀ péré ni ọjọ́ ayé rẹ̀. Antioxidant, ìyẹn èròjà bíi kárótíìnì tó ń pa irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, bó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ìtànṣán tó wọlé. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tí púpọ̀ nínú yín gbára lé ni ti DPPH: ẹ ó da èròjà yín sínú omi DPPH aláwọ̀ elése àlùkò, yóò di aláwọ̀ ìyeyè, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lágbára. DPPH máa ń dúró jẹ́ẹ́ nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó mú ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò tíì mú ọ̀yà. Ẹ lò ó láti fi ṣa èyí tó yẹ kí ẹ tẹ̀ síwájú lé lórí. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí ààbò.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: a kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán nítòsí, iṣẹ́ náánò sì jẹ́ ti àwọn olówó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ láti 1922, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì gba kí wọ́n máa wọn ìdì ẹ̀yìn lọ́dọọdún kí wọ́n tó pe ọ̀pẹ kan ní dáradára. Sùúrù yẹn kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀yìn tó ti wà lókìtì fún ọ̀sẹ̀ kan ní Sakẹ́tẹ́ àti èyí tí wọ́n sè lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gé e kì í mú epo kan náà wá: ti àkọ́kọ́ ti kan, ooru àti oòrùn sì ń ba kárótíìnì jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gé e, iye ọjọ́ tó lò nílẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó lórí iná. Ẹ wọn kárótíìnì rẹ̀ ní ìgbì ìmọ́lẹ̀ 446 nm kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Láìsí èyí, ẹlòmíràn kò ní lè tún iṣẹ́ yín ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù ni ti sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọdọ̀ rí ààbò, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fi ìtànṣán pa. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rún náánò cerium oxide. Wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì ọmú tó lera àti ti jẹjẹrẹ ọmú ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì tan ìtànṣán sí méjèèjì. Èyí tó lera fẹ́rẹ̀ẹ́ yè tán. Ti jẹjẹrẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ààbò kankan. Nínú àwo ni wọ́n ti rí i o, cerium sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ bó bá wọ ara. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ìbéèrè tó tọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ìròyìn jáde láti Québec ní Kánádà nípa aláìsàn 540 tó gba ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Apá kan lo fítámì E àti beta-carotene, apá kejì lo hóró tí kò ní nǹkan nínú. Wọ́n dá beta-carotene dúró láàárín ọ̀nà nítorí ìfòyà pé ó lè ṣèpalára. Ìnira ìtọ́jú dín kù lára àwọn tó lo fítámì, èèyàn ì bá sì ti máa yọ̀; àmọ́ ní àkókò tí wọ́n ń lò ó, jẹjẹrẹ tuntun yọ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Àwọn kan yóò ní hóró ilé oògùn nìyẹn, pé epo tiwa wá láti ara igi. Beta-carotene inú hóró àti ti inú epo, ọmọ ìyá ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kì í béèrè ibi tó ti wá. Àwọn kan yóò tún tọ́ka sí gamma-tocotrienol, èyí tí ilé ìwádìí ológun Amẹ́ríkà fi dá ẹ̀mí eku sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ èròjà tí wọ́n ti yọ́ mọ́ ni, ní ọjọ́ kan ṣáájú ìtànṣán, lára eku tí kò ní jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ yín ta epo fún aláìsàn. Kó jẹ epo nínú ọbẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Tó bá kan fítámì oníhóró, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀rọ ìtànṣán lò, ẹ gbé àwo méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì tó lera, ọ̀kan fún ti jẹjẹrẹ, ìwọ̀n kan náà, wákàtí kan náà, kí ẹ sì tẹ èsì àwo méjèèjì jáde, bí èkejì tilẹ̀ sọ ohun tí ẹ kò fẹ́ gbọ́.