Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Fíìmù Àwàdà-Ìfẹ́ Ọ̀dọ́, Ibi Tó Dára àti Ibi Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Kíláàsì: SS 2
Ẹ̀kọ́: Lítíréṣọ̀ Yorùbá
Àpẹẹrẹ tí a ó lò: Ó Le Kú
Ohun èlò: ìwé Ó Le Kú, fíìmù rẹ̀, pátákó ìkọ̀wé

A. ÌTUMỌ̀

1. Fíìmù àwàdà-ìfẹ́ ọ̀dọ́ ni fíìmù tó ń sọ ìtàn ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, lọ́nà tó ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín.

2. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé sínú rẹ̀: ọ̀dọ́, ìfẹ́ àti ẹ̀rín. Bí kò bá sí ẹ̀rín, eré ìfẹ́ lásán ni. Bí kò bá sí ìfẹ́, àwàdà lásán ni. Bí àwọn olólùfẹ́ náà bá sì ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ, a ti kúrò nínú ẹ̀kọ́ òní nìyẹn.

3. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rín ń gbà wọ inú fíìmù:
(i) Àwàdà-ara: ẹ̀rín tó ń ti ara ìrísí, aṣọ tàbí ìrìn òṣèré wá. Táì ńlá àti awò ojú fífẹ̀ tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, máa ń lò ni àpẹẹrẹ tí kò sí ilé tí wọn ò mọ̀ ọ́n.
(ii) Àwàdà-ẹnu: ẹ̀rín tó ń ti ẹnu òṣèré wá, bí ẹ̀dà ọ̀rọ̀, ẹ̀fẹ̀ àti àfiwé.
(iii) Àwàdà-wàhálà: ẹ̀rín tó ń wá nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà tí kò mọ bí yóò ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣèlérí fún ọmọbìnrin méjì pé òun yóò wá kí wọn ní ọjọ́ Sátidé kan náà ti wọ inú àwàdà-wàhálà. Ẹ fa ìlà sí ìdí èyí, nítorí òun ni a ó lò jù lọ.

B. ORÍṢI

1. A lè pín in nípa orísun ìtàn:
(i) Èyí tí a mú láti inú ìwé. Ó Le Kú (1997) wà níbí. Bákan náà ni fíìmù Amẹ́ríkà kan, 10 Things I Hate About You (1999): eré Shakespeare, The Taming of the Shrew, ni wọ́n mú wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ girama ti òde òní.
(ii) Èyí tí a kọ tààrà fún fíìmù. Jẹ́nífà (2008), tí Fúnkẹ́ Akíndélé kọ tó sì jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀, wà níbí. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ọmọbìnrin ará oko ní yunifásítì ló ká fíìmù yìí lára jù, ìfẹ́ kọ́ ni.

2. A tún lè pín in nípa ìparí rẹ̀:
(i) Ìparí aláyọ̀: ìjà tán, àwọn olólùfẹ́ padà sọ́dọ̀ ara wọn. Fíìmù Amẹ́ríkà tí a dárúkọ lókè yìí parí báyìí.
(ii) Ìparí olómijé: ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló parí. Oríṣi yìí kò wọ́pọ̀. Àwọn lámèyítọ́, èyí ni àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ọnà láti sọ bó ṣe rí, lè yọ ọ́ kúrò nínú àwàdà pátápátá. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a kà á mọ́ ọn.

D. AGODI NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

1. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn. Agodi, àdúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà yìí, ni ilé-iṣẹ́ náà wà. NTA Ìbàdàn ló ń jẹ́ lónìí. "Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ni wọ́n máa ń pe ara wọn.

2. Ilé-iṣẹ́ yìí ló gbé ẹgbẹ́ Aláwàdà ti Moses Ọláìyá wọ inú ilé àwọn tó ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Àwọn tí kò ní, ojú fèrèsé ará ilé kejì ni wọ́n ti ń wò ó.

3. Ní 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túndé Kèlání wọṣẹ́ ní WNTV gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Òun ló darí Ó Le Kú lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

4. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ ìwé náà, jẹ́ ọmọ Lábọ́dẹ ní agbègbè Ìbàdàn. Ọdún 1939 ni a bí i, ó sì kú ní 2018. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kàwé.

5. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yà á àti ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, kò sí èyí tó jìnnà sí wa. Láti Géètì Agodi, ẹ ó kọjá Sẹkitéríàtì, ẹ ó kọjá Bódìjà, ẹ ó sì dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì tí Àjàní, olú ẹ̀dá-ìtàn Ó Le Kú, ti ń kó sí wàhálà.

E. Ó LE KÚ: ÌTÀN NÍ ṢÓKÍ

1. Ìwé náà jáde ní 1974. Fíìmù náà jáde ní 1997, ní apá méjì. Sinimá àgbéléwò ni, èyí tí wọ́n ń wò nínú ilé láti inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà náà.

2. Àjàní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó mú ìyàwó wálé. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà wá kàn: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò mọ èyí tí yóò mú, kò sì fẹ́ fi èyíkéyìí sílẹ̀. Omijé ni ìtàn náà bá parí.

3. Àkọlé: "Ó le kú" ni Yorùbá ń sọ bí nǹkan bá le kọjá bó ṣe yẹ. A lè fi ẹ̀rín sọ ọ́, a sì lè fi ọwọ́ lérí sọ ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé "kú" wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ. IBI TÓ DÁRA

1. Ìlò èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń ṣe ìdánwò, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin. Nínú Ó Le Kú, Yorùbá ni wọ́n fi ń dẹnu ìfẹ́ kọ ara wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń bínú, òun náà ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, èyí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá-ìtàn méjì ń bá ara wọn sọ, kò dún bí ohun tí a túmọ̀. Ẹnu ọ̀dọ́ ni, síbẹ̀ òwe àti ẹ̀fẹ̀ kò wọ́n níbẹ̀. Àwàdà-ẹnu ni ti Ìṣọ̀lá, fíìmù náà kò sì pa á run. Bí ẹ bá máa kọ kókó kan péré nínú ìdánwò, ẹ kọ èyí.

2. Aṣọ. Ìró kúkúrú tí kò kọjá orúnkún púpọ̀, pẹ̀lú bùbá, ni àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà ń wọ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà láyé nígbà tí àwọn ìyá yín àgbà ṣì jẹ́ ọmọge, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé. Lẹ́yìn fíìmù yìí, àwọn télọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, orúkọ fíìmù náà ni wọ́n sì sọ ọ́: olékú. Títí di òní, ẹ lè bá olékú pàdé níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó, lọ́rùn àwọn tí kò wo fíìmù náà rí. Ó ṣọ̀wọ́n kí fíìmù kan fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

3. Ibùdó ìtàn. Èyí ni ibi àti àkókò tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́ Ìbàdàn rí ìlú ara rẹ̀ bí ibi tí ìfẹ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù.

4. Ìyá Àjàní. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, bàbá tàbí ìyá máa ń ní kí ọmọ má tíì lọ sóde ìfẹ́. Níbí, ìyá ló ń ní kí ọmọ ṣe kíá. Àwàdà-wàhálà Yorùbá gidi nìyí, ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

F. IBI TÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

1. Ọjọ́ orí òṣèré. Yẹmí Ṣódìmú, tó ṣe Àjàní, ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àgbà kò ṣeé fi pamọ́. Àléébù yìí kárí fíìmù ọ̀dọ́ káàkiri ayé.

2. Ìfìwàwẹ̀dá. Èyí ni bí òǹkọ̀wé ṣe ń fún ẹ̀dá-ìtàn ní ìwà. Ojú Àjàní ni a fi ń wo nǹkan. Ohun tí a mọ̀ jù nípa àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohun tí wọ́n jẹ́ sí i. Ẹ dán èyí wò: ẹ kọ nǹkan márùn-ún nípa Àjàní, kí ẹ wá kọ márùn-ún nípa Ṣadé láìdárúkọ Àjàní. Ẹ ó rí i pé ẹ̀ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi yìí ló wúwo jù nínú àléébù fíìmù náà: ẹ̀rín tí a ń rín sí wàhálà Àjàní kì í jẹ́ ká béèrè pé ta ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí omijé dé, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ bá.

3. Gígùn. Apá méjì pọ̀ fún ìtàn yìí.

4. Ìparí. Àwọn kan ka ìparí olómijé mọ́ àléébù. Àkọsílẹ̀ yìí kò kà á mọ́ ọn. Ìparí aláyọ̀ yóò ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé èèyàn lè tan ọmọbìnrin mẹ́ta kí nǹkan kan má ṣe é.

G. ÀṢÌṢE TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

1. Ẹ má ṣe pe òǹkọ̀wé ní olùdarí. Ìṣọ̀lá ló kọ ìwé, Kèlání ló darí fíìmù.
2. Ẹ má ṣe kọ ọdún ìwé fún ọdún fíìmù. Ọdún mẹ́tàlélógún ló wà láàrin méjèèjì.
3. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ àléébù, "fíìmù náà kò dùn" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ tọ́ka sí ibi tó ti kù, kí ẹ sọ ìdí.
4. Àwòrán tí ẹ bá yà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ní Ọgbà Agodi kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ mọ ibùdó ìtàn. Ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìdáhùn.

GB. IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Ṣàlàyé àwàdà-ara, àwàdà-ẹnu àti àwàdà-wàhálà, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan. (Máàkì 6)
2. Kọ ohun méjì tó dára àti ohun méjì tó kù díẹ̀ káàtó nínú Ó Le Kú. (Máàkì 8)
3. Mú ẹnì kan nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Sọ ìtàn náà ní ojú tirẹ̀ nínú ojú ewé kan. (Máàkì 6)

Ẹ mú un wá ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá wo fíìmù nìkan, tí kò ka ìwé, yóò mọ ara rẹ̀ nígbà tó bá dé ìbéèrè kẹta.