Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì míì: ó lè jẹ́ fáàfù kan ṣoṣo ló jó

Inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò la máa wọ̀ lónìí. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí olú: orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Fáàfù èéfín ni mo ń pè é, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ẹ́sọ́ọ̀sì fáàfù. Tó bá jó, mọ́tò á máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ á dínkù, àwọn kan á sì ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì míì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ kì í ṣe owó kékeré mọ́, yálà ní Ládípọ̀ ni àbí ní Arárọ̀mí ní Agodi Gate. Fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun, ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáàfù kan àti odindi ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, písítìnì á lọ sísàlẹ̀, fáàfù atẹ́gùn á ṣí, atẹ́gùn àti epo á wọlé. Ìkejì, gbogbo fáàfù á pa dé, písítìnì á gòkè, á fún atẹ́gùn náà pọ̀. Ìkẹta, plọ́ọ̀gì á ta iná, epo á jó, agbára rẹ̀ á ti písítìnì sísàlẹ̀. Ìkẹrin, fáàfù èéfín á ṣí, písítìnì á gòkè, á ti èéfín jáde lọ sí sàlẹ́ńsà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì. Ìgbà 1,500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní wákàtí kan, ó ti di ìgbà 90,000!

Ti èéfín ló sì ń jìyà jù. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ sí fáàfù atẹ́gùn lára. Àmọ́ iná inú sílíńdà máa ń gbóná ju 2,000°C lọ, èéfín rẹ̀ sì ni fáàfù èéfín ń rí lójoojúmọ́. Tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ kára, orí rẹ̀ lè gbóná tó 700 sí 800°C. Irin tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ á pọ́n yòò.

Kí ló dé tí kì í jó lójoojúmọ́?

Ẹ wo áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Tí ẹ bá gbé e lé orí símẹ́ńtì tútù, ooru rẹ̀ á tètè sá lọ sínú símẹ́ńtì. Tí ẹ bá gbé e sókè nínú afẹ́fẹ́, á pẹ́ kó tó tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáàfù rí. Nígbà tó bá pa dé tó sì jókòó dáadáa, ooru orí rẹ̀ á gba ibi ìjókòó rẹ̀ kọjá sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, níbi tí omi rédíétọ̀ ti ń ṣàn láti gbé e lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru náà ló ń gba ọ̀nà yìí. Ìyókù ń gba ara ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ méjì ni ìjókòó yẹn ń ṣe: ó ń dí ojú ihò, ó sì ń tu fáàfù lára. Tí àlàfo tó rí bí irun orí bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn. Iná á máa gba àlàfo náà jáde bí iná gáàsì tí àwọn ajórin fi ń gé irin, etí fáàfù ò sì ní ráyè tutù. Bó ṣe ń jó ni àlàfo ń fẹ̀ sí i, bí àlàfo ṣe ń fẹ̀ ni iná tó ń gbabẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Kí ló ń fa àlàfo náà?

Tápẹ́ẹ̀tì tó há ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Irin máa ń gùn sí i tó bá gbóná: ọ̀pá irin tó gùn ní 100 mm á fi nǹkan tó lé ní 0.1 mm gùn sí i tí ooru rẹ̀ bá fi 100°C lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí fáàfù. Nínú ẹ́ńjìnnì 5S-FE ti Toyota Camry, àyè ti fáàfù atẹ́gùn jẹ́ 0.19 sí 0.29 mm, ti èéfín jẹ́ 0.28 sí 0.38 mm, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ìjókòó bá ṣe ń jẹ ni fáàfù ń wọnú sí i, tí àyè yẹn ń dínkù. Tó bá tán, fáàfù ò ní lè pa dé tán mọ́. Nítorí náà, tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo díẹ̀ sàn ju èyí tó há tí kò sọ̀rọ̀.

Àwọn ìdí míì ni èérún dúdú láti ara ọ́ìlì tó ń jó, epo tó kéré ju atẹ́gùn lọ, plọ́ọ̀gì tó ń pẹ́ kó tó ta iná, àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná jù.

Epo fúnra rẹ̀ náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, òjé inú pẹtiróòlù máa ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù, àmọ́ ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Algeria ló dá a dúró kẹ́yìn fún mọ́tò ní gbogbo ayé, ní 2021. Wọ́n ti wá ń fi irin líle ṣe ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń yí mọ́tò yín sí gáàsì CNG báyìí, ẹ fetí sílẹ̀: gáàsì gbẹ ju pẹtiróòlù lọ, ó sì lè tètè jẹ ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn àyè fáàfù yín déédéé.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń wa Micra ní Ìbàdàn sọ fún mi pé, "Àbúrò, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì mi ti kú." Wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

A kọ́kọ́ mú bébà pẹlẹbẹ sún mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà. Bébà náà ń fò síta, ó tún ń fà padà sínú. Àmì fáàfù èéfín tí kò pa dé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì kan bá wa yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dá epo àti iná dúró, ó fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀. A rí 170, 165, 55 àti 170 psi. Ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kẹta, ó tún un wọ̀n: 60 péré. Ká ní ríǹgì písítìnì ló jẹ ni, ọ́ìlì ìbá dí i, nọ́ńbà ìbá sì gòkè gan-an. Níkẹyìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú sílíńdà náà nígbà tí gbogbo fáàfù yẹ kó wà ní pípadé. Ẹ̀ẹ́mí atẹ́gùn ń dún ṣíì ní sàlẹ́ńsà. Ká ní ibi tí a ti ń da ọ́ìlì ló ti ń dún ni, ríǹgì ni. Ká ní omi rédíétọ̀ ló ń hó, gáskẹ́ẹ̀tì ni.

Nígbà tí wọ́n tú u, etí fáàfù kan ti jó kúrò bí ìgbà tí eku jẹ àkàrà. Sílíńdà mẹ́ta yòókù ò ṣe nǹkan kan.

Àtúnṣe tó péye

1. Wọ́n á tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, wọ́n á wò ó bóyá ó ti wọ́ tàbí ó ti sán.
2. Wọ́n á yẹ ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà wò. Tó bá ti gbò, fáàfù tuntun náà á máa mì, á sì tún jó.
3. Wọ́n á gé ìjókòó náà ṣe. Ìwọ̀n 45° ló wọ́pọ̀. Fáàfù tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kì í ṣe tokunbọ̀.
4. Wọ́n á fi grinding paste lọ àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá.
5. Wọ́n á da kẹrosíìnì sínú ihò èéfín. Tó bá jò gba ara fáàfù, iṣẹ́ ò tíì parí.
6. Síìlì fáàfù tuntun, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Kí wọ́n fi tọ́ọ̀kì sípánà de àwọn bóòtù, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́.
7. Kí wọ́n wọn àyè tápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dé e.

Ẹ má sì fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ pé "ó ṣì ń rìn." Epo tí kò jó á lọ jó nínú sàlẹ́ńsà, á ba kàtálísì jẹ́. Ẹ̀là fáàfù náà lè já bọ́ lu písítìnì. Ìgbà yẹn gan-an lẹ máa wá ra ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì yín ti kú, ẹ fi sùúrù bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni gééjì kà ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan?" Tí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ má tíì yọ owó.